Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Pánṣẹ́kẹ́ tó ń kọ́kọ́ wá orúkọ olùdìbò kó tó gbowó

Ní Pánṣẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kò wọ́n. Bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú kòrópé, kí ó tó rin ogún ìṣísẹ̀, yóò ti rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kọ ọ́ sára pátákó pé àwọn ń ṣe JAMB, NIN, ìwé ìrìnnà àti fọ́tòkọ́pì. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní pátákó ńlá. Ilé onípákó kékeré kan ni, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ búlúù. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju ìyókù lọ, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń pariwo bí ẹni pé ó ń bá àwọn oníbàárà jà. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà níbí, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ín bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní èrò tó ń wá bá òun báyìí ti tó òun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ó ń ṣe tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn ará ìlú mọ̀ sí, ìyẹn ni wíwá orúkọ olùdìbò nínú àkọsílẹ̀, kí ẹni náà lè mọ̀ bóyá orúkọ tuntun ló yẹ kí òun lọ fi sílẹ̀, tàbí kí òun gbé èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lọ sí àdúgbò mìíràn, tàbí kí òun kàn jókòó jẹ́ẹ́ sílé òun.

Iṣẹ́ náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ ló gba ọdún méjì àbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ìdílé wa ń pè ní Ìyá Ìtòkú, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Iṣẹ́ àdìrẹ ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn, wọn kò sì tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n ti gba káàdì ìdìbò alálòpẹ́ wọn kí ìdìbò ọdún 2015 tó wáyé. Wọ́n fi dìbò lọ́dún náà, wọ́n tún fi dìbò ní 2019, ní ibùdó kan náà, lábẹ́ igi ọdán kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, tí í ṣe ọjọ́ ìdìbò ààrẹ, wọ́n jí ní kùtùkùtù, wọ́n wẹ̀, wọ́n ró ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí wọn kì í ró bí kì í bá ṣe ọjọ́ ọdún, wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọmọbìnrin tó wà nídìí BVAS, ẹ̀rọ tó ń fi ìka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀, gba káàdì lọ́wọ́ wọn, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ náà kò mọ̀ wọ́n. Ó ní kí wọ́n lọ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀. Ọjọ́ ìdìbò nìyẹn, tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn. Ta ni yóò pọn obìnrin àgbà láti Ìtòkú lọ sí ìjọba ìbílẹ̀? Wọ́n yí padà sílé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn nírọ̀lẹ́, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò tíì bọ́ aṣọ ọdún náà, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní: “Wọ́n ní orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ṣé mo ti kú ni, tí ẹ ò sọ fún mi?”

Nígbà tí ìdìbò gómìnà dé ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, wọn kò tilẹ̀ jáde síta. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí gbogbo ilé ń sọ ni pé wọ́n ti yọ orúkọ Ìyá Ìtòkú.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 18 ni wọ́n ṣí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ 25 sì ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí lọ fojú ara wọn hàn láti ya àwòrán kí wọ́n sì tẹ ìka. Mo sọ fún Ìyá Ìtòkú pé àkókò tó láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́kọ́ yà kì í ṣe èyí tí mo ń yìn, n kò sì ní sọ àdúgbò tó wà. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ó ti rí káàdì lọ́wọ́ màmá ló ti ní, “Mama, káàdì yín ti ẹ́sípáyà. Ẹ mú 3,000 náírà wá, kí n ṣe tuntun fún yín.” Ó ti tẹ orúkọ wọn débì kan kí n tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. Mo bi í pé ṣé kò ní kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ wọn ṣì wà nínú àkọsílẹ̀. Ó ní kò sóhun tó kan òun níbẹ̀, pé tuntun ló yá jù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí, nítorí irú rẹ̀ pọ̀. Káàdì ìdìbò wa kì í ẹ́sípáyà. Kò sí ọjọ́ kankan lára rẹ̀ tí ó máa tán, àjọ INEC tó ń ṣètò ìdìbò sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú láìmọye ìgbà. Ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tó burú jù ni pé Òfin Ìdìbò ọdún 2022, tó wà nílẹ̀ nígbà náà, sọ ní abala kejìlá pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san owó ìtanràn tí kò ju 100,000 náírà lọ, ó lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ, ó sì lè gba méjèèjì pọ̀. Ìyá arúgbó tó fi 3,000 náírà ra ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní mọ̀ pé òun rà á. Ẹ̀rọ tó ń fi ìka wé ìka, tó ń fi ojú wé ojú, kò ní mọ̀ pé aláṣọ aró tí wọ́n tàn jẹ ni. Ẹni tó fẹ́ dìbò lẹ́ẹ̀mejì ni yóò kà á sí. Mo fa màmá lọ́wọ́, a jáde.

Ọmọ àbúrò mi ló júwe ti Pánṣẹ́kẹ́ fún wa. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ dídùn dá wa dúró bí àwọn kan ti máa ń ṣe, tí wọn yóò máa sọ pé “ó máa tó wọlé” títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó ní kí a padà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú. A padà wá.

Ó kí màmá dáadáa, ó fi ọwọ́ nu bẹ́ǹṣì, ó sì sọ ẹsẹ̀ tí kò dára fún wọn kí wọ́n má bàa ṣubú. Lẹ́yìn náà ló béèrè káàdì. Níbí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, torí ìdí ìró ni Ìyá Ìtòkú máa ń so káàdì náà mọ́, aró sì ti mu ún. Àwòrán wọn ti di búlúù, ibi tí orúkọ ìdílé wà ti parẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò fi lè kà ju lẹ́tà mẹ́ta ìgbẹ̀yìn lọ. Ó ní kí wọ́n pe orúkọ náà fún òun. Wọ́n pè é. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣó ni, bí ti ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ó ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú S àti o. Ó bi wọ́n ní ọjọ́ ìbí. Màmá ní ọdún tí wọ́n bí àwọn ni àwọn mọ̀, àwọn kò mọ ọjọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní sí i. Ó ní ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí ìdajì àwọn àgbàlagbà Abẹ́òkúta tó ń wá sọ́dọ̀ òun. Ó tẹ bọ́tìnì. Kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìtòkú mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi náà ti ń kó àpò mi. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà kò dìde. Ó mú káàdì aláró náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní ó dà bí ẹni pé lẹ́tà tó wà níbẹ̀ ju iye tí òun tẹ̀ lọ. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi h kan sí àárín S àti o. Orúkọ náà jáde.

“Orúkọ yín ń bẹ, mà. Wọn ò yọ yín. Wọ́n kàn ṣí yín nípò ni.”

Màmá ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà, orúkọ wọn, wọ́ọ̀dù wọn, àti ibùdó ìdìbò tuntun tí wọ́n kó wọn lọ. Ibùdó náà kò jìnnà. Nígbà tí mo rìn dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo fi aago fóònù mi ka ìrìn náà láti ìdí igi ọdán àtijọ́: ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìwé tí orúkọ màmá wà nínú rẹ̀ ń bẹ lára ògiri ilé kan ní òpópónà ẹ̀yìn, ní ọjọ́ tí wọ́n wọ aṣọ ọdún tí wọ́n sì padà sílé.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Láti ọdún 1996 ni ibùdó ìdìbò 119,974 ti wà ní Nàìjíríà, tí èèyàn ń pọ̀ sí i tí ibùdó kò pọ̀. Ní ọdún 2021, àjọ INEC sọ ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń pín èrò sí tẹ́lẹ̀ di ibùdó tó dá dúró, iye wọn sì di 176,846. Ìpínlẹ̀ Ògùn kúrò ní 3,210, ó di 5,042. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó lára àwọn olùdìbò tó wà níbi tí èrò pọ̀ sí lọ sí àwọn ibùdó tuntun tó wà nítòsí. Ète rẹ̀ dára, n kò lè purọ́. Ẹni tó bá rántí bí èrò ti máa ń to lábẹ́ igi ọdán yẹn láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ yóò dúpẹ́. Wọ́n kéde rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ní kí àwọn èèyàn yẹ ibùdó wọn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè. Àmọ́ fóònù Ìyá Ìtòkú, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni wọ́n ń lò jù. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọ inú rẹ̀, ọmọ-ọmọ wọn ló ń kà á, bí ó bá ń wá ibi tí yóò ti gba géèmù sí.

Lójú òfin, yíyọ orúkọ yàtọ̀ sí ṣíṣí orúkọ nípò. Lójú ẹni tó dúró lórí ìlà pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, ọ̀kan náà ni. Ìdí tí àwa ará ilé sì fi gbà kíákíá pé wọ́n ti yọ màmá ni pé ìròyìn yíyọ orúkọ ti gba ìlú kan ní ọdún tó ṣáájú ìdìbò náà, ìròyìn ọ̀hún kì í sì í ṣe àhesọ. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di òpin oṣù Keje ọdún 2022, èèyàn 12,298,944 ló parí ìforúkọsílẹ̀ tuntun. Nígbà tí àjọ INEC gbọ̀n wọ́n tán, wọ́n sọ 2,780,756 dànù, ó ju ẹnì kan lọ nínú èèyàn márùn-ún: àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí kò tíì pé ọdún 18, àti àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn kò bá ìlànà mu. 9,518,188 ló kù tí wọ́n fi kún àwọn ti tẹ́lẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ fi di 93,469,008 fún ìdìbò 2023. Ti Ògùn nínú rẹ̀ jẹ́ 2,688,305.

Èmi kò bá àwọn tó ní kí wọ́n má yọ ẹnikẹ́ni ṣe. Ìwé tí orúkọ ọmọ ọdún mẹ́wàá wà nínú rẹ̀, tí ẹnì kan ní ìlà mẹ́ta níbẹ̀, olè ni yóò jẹ nínú rẹ̀, ìbò èmi tí mo forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò sì jẹ. Ṣùgbọ́n mo ti bá bàbá mi ro oko ẹ̀gẹ́ rí, mo sì mọ̀ pé bí ẹni tó ń ro oko kò bá bẹ̀rẹ̀ wo ohun tí ọkọ́ rẹ̀ fẹ́ gé, ẹ̀gẹ́ yóò bá koríko lọ. Láàárín àwọn tó “forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì”, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó fẹ́ jí ìbò, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù tí kò mọ̀ pé wọ́n ń tún un tẹ̀ fún èèyàn, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí oníṣọ́ọ̀bù kan sọ fún pé káàdì rẹ̀ ti ẹ́sípáyà. Ìka wọn kò yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ.

Òfin fi àyè kan sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ṣì gé. Abala kọkàndínlógún Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ní kí wọ́n gbé ìwé orúkọ síta fún ará ìlú láti wò, fún ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ dín ní 7, tí kò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹni tí kò rí orúkọ rẹ̀ lè kọ fọ́ọ̀mù pé wọ́n fo òun. Ẹni tó bá rí orúkọ òkú tàbí ti ọmọdé lè kọ ọ́ pé kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ní 2022, ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ṣe é. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú tiwa. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà gan-an, ìyẹn ọjọ́ méjì péré kí wọ́n tó gbé ìwé síta, àwọn kan dáná sun ọ́fíìsì àjọ INEC ti Gúúsù Abẹ́òkúta tó wà ní Ìyánà Mọ́ṣúárì. Káàdì 65,699 tí àwọn tó ni wọ́n kò tíì wá gbà jóná níbẹ̀, pẹ̀lú àpótí ìbò 904 àti àwọn nǹkan mìíràn. Àjọ náà ní àwọn yóò tún àwọn káàdì náà tẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ wọn kò jóná. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ọlọ́jà ni pé orúkọ ti jóná, pé ìdìbò ti tán fún Gúúsù. Orúkọ kò jóná rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbà pé orúkọ òun ti jóná, kí ló máa lọ wò lára ògiri?

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ Ìyá Ìtòkú obìnrin tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, tó ti di ọmọ ìlú ọ̀hún. Ó ní kí n má rò pé àwa nìkan ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí èèyàn kò bá dìbò fún ọdún méjì, wọ́n lè fi káàdì kan ránṣẹ́ sí i nílé pé ṣé ó ṣì ń gbé ibẹ̀; bí kò bá fèsì, tí kò sì tún dìbò fún ọdún mẹ́rin sí i, wọn yóò yọ ọ́. Ọkùnrin kan tó ti sin ìlú rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, tí kò kúrò nínú ilé rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, jáde láti dìbò ní 2015, ó bá a pé wọ́n ti yọ òun. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn, àwọn adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin sì dá ìpínlẹ̀ Ohio láre ní oṣù Kẹfà ọdún 2018. Òfin tiwa kò rí bẹ́ẹ̀; kò sí ibi tí Òfin ọdún 2022 ti ní kí wọ́n yọ ẹni tó kàn jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò. Àmọ́ mo ṣe ìlara wọn lórí nǹkan méjì. Èkíní, wọ́n kọ lẹ́tà sí èèyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń jù ú sínú ìdọ̀tí pẹ̀lú ìwé ìpolówó. Èkejì, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti ọdún 1993 kò jẹ́ kí wọ́n máa yọ orúkọ lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́ bí ìdìbò bá ti ku 90 ọjọ́, kí ẹni tí wọ́n bá ṣì yọ lè ráyè pariwo.

Nígbà tí mo sọ ti lẹ́tà h fún un, ó pariwo lórí fóònù. Ó ní ní ìpínlẹ̀ Georgia, kí ìdìbò ọdún 2018 tó wáyé, ìwé àwọn èèyàn bí 53,000 ni wọ́n dá dúró, púpọ̀ nínú wọn nítorí pé orúkọ tó wà nínú ìwé wọn kò bá èyí tó wà nínú ìwé ìjọba mìíràn mu pátápátá. Àmì kékeré kan tí wọ́n fi ń so orúkọ méjì pọ̀ tó láti dá èèyàn dúró. Aláwọ̀ dúdú ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Ṣówùnmí ní ọ̀nà mẹ́ta lórí ìwé mẹ́ta, tí ti báńkì ní h, tí ti NIN kò ní, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti yìn wọ́n, ó yẹ kí n sọ ibi tó kù sí. 500 náírà ni wọ́n ń gbà fún wíwá orúkọ, 200 sì ni títẹ ìwé èsì jáde. Ẹni tó bá ní fóònù tó dára àti dátà lè ṣe é fúnra rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà léèrè. Ó ní owó epo bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ ni, ó sì ní òun kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí òun kò bá rí orúkọ rẹ̀. Mo rí i pé òótọ́ ni, nítorí ó dá 500 náírà padà fún obìnrin kan lójú wa. Bí ó ti wù kí ó rí, ìròyìn pé orúkọ ẹni ṣì wà nínú ìwé, kò yẹ kí arúgbó máa fi owó rà á.

Ohun kejì tí kò dùn mọ́ mi ni pé nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀, ṣe ni ó ń kígbe orúkọ àti ọjọ́ ìbí àwọn èèyàn síta, tí gbogbo ẹni tó ń ra àgbàdo lọ́nà ń gbọ́. Ó tún fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán káàdì màmá kí ó lè fẹ̀ ẹ́ sí i láti kà. Mo ní kí ó pa á rẹ́ lójú mi, ó sì pa á rẹ́ láìjanpata, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà orí káàdì yẹn kì í ṣe ohun tó yẹ kí ó máa gbé inú fóònù ẹlòmíràn. Bẹ́ǹṣì yẹn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe. Àárín wákàtí kan tí a lò níbẹ̀, èèyàn méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ti orí rẹ̀ ṣubú.

Síbẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí a ń dúró de ìwé èsì tó jẹ́ kí n pinnu láti kọ èyí. Ọkùnrin kan wọlé láti Adìgbẹ, ó ní Èkó ni òun ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé nísinsìnyí tí òun ti kó wá sílé, òun fẹ́ kí wọ́n ṣe tuntun fún òun, ó sì ti na owó jáde. Owó tó dùn ún gbà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò gbà á. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tuntun kọ́ nìyẹn, gbígbé ni. Bí mo bá ṣe tuntun fún yín, wọ́n máa rí ìka yín lẹ́ẹ̀mejì.” Ó ṣàlàyé pé ó lè bẹ̀rẹ̀ ètò gbígbé orúkọ náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, pé kí ó má jẹ́ kí ó pẹ́, nítorí òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ béèrè fún un kí ó tó ku 90 ọjọ́ sí ìdìbò. Ọkùnrin náà kùn díẹ̀, ó ní ẹnì kan ní Lafẹ́ńwá ti gbà láti ṣe é. Ó kùn títí, ó jókòó. Gbogbo rẹ̀, 500 náírà ni ṣọ́ọ̀bù náà rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún ni n ó fún wọn. Ìkan tó kù, mo fi pa mọ́ de ìgbà tí wọ́n bá ra bẹ́ǹṣì tuntun tí wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí, wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ mú káàdì yín dání, bí ẹ bá sì jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣó, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ní gbogbo ọ̀nà tí ẹ ti rí i rí kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìyá Ìtòkú ní kí wọ́n láámínéètì ìwé èsì náà, wọ́n sì ra àpò rọ́bà kékeré kan tí wọ́n fi káàdì sí kí aró má bàa tún mu ún. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé orúnkún ni. Wọ́n na 500 náírà sí mi, wọ́n ní kí n bá wọn dé Pánṣẹ́kẹ́ lọ wò ó bóyá orúkọ wọn ṣì wà níbẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹnikẹ́ni kò ní yọ ọ́ láàárín oṣù kan.” Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣe rò lọ́jọ́sí, tí àwọn fi ró aṣọ ọdún. Mo gba owó náà, mo lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tilẹ̀ béèrè orúkọ lọ́wọ́ mi. Bí ó ti rí mi ló ti tẹ S, ó tẹ h.